Oníbàárà fara ya, akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀bẹ̀: kí ni ká ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń bójú tó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Wọ́n mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti fara ya, àlàyé tàbí ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí ìwé sinmi ná. Ìdánrawò ló kù.

Ẹ gba ohùn ìjókòó wọn sílẹ̀, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ẹ má gbára lé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tó ti kọsẹ̀ gan-an ló sábà máa ń fò. Ẹ mú ìṣẹ́jú méjì tí nǹkan ti dàrú, ẹ fi ìyẹn nìkan ṣiṣẹ́.

Kí ẹnì kan wá ṣe bí oníbàárà, kó sọ pé: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, kò sí ìyàtọ̀. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọṣẹ́ yìí?" Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dáhùn, ẹ dá a dúró. Ẹ má sọ pé "fi àánú kún un". Kò ní mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ sọ pé: "Ò ń gbèjà ara ẹ. Kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun tó ń dùn ún; àlàyé lè dúró." Kó tún un sọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè wá di: "Ẹ ń wá látọjọ́ yìí, ara ò tù yín, ó sì ń bí yín nínú. Kí ni a ò tíì fọwọ́ kàn?" Ẹ tún un ṣe títí yóò fi dún bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bó bá ti rọrùn jù, kí "oníbàárà" gbóhùn sókè, tàbí kó kàn dákẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń làágùn, ẹ dẹ̀ ẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ ṣọ́ "Ẹ má bínú, mà." Oníbàárà tó jẹ́ àgbà á ní kò sí wàhálà, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Irú ìdánwò yìí kì í ṣe eré. Lọ́dún 2009, Timothy Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi fídíò oníbàárà tó le han àwọn olùtọ́jú, wọ́n sì díwọ̀n bí wọ́n ṣe dá a lóhùn. Àwọn tí ìdáhùn wọn dáa jù ni ara oníbàárà wọn yá jù.

Oníbàárà náà gbọ́dọ̀ sọ tiẹ̀. Session Rating Scale, ìwé kékeré tí oníbàárà fi ń sọ bí ìjókòó ṣe rí lára rẹ̀, ní ìlà mẹ́rin tó máa sàmì sí, sẹ́ǹtímítà 10 ìkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 40. Bó bá wálẹ̀ sí 36, ẹ bi í léèrè kó tó lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo èèyàn bá ń kọ 40, ẹ má yọ̀: ọ̀wọ̀ ló ń kọ ọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi wọ́n pé, "Kí lẹ máa fẹ́ kí n ṣe yàtọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"