Tuner kì í tún áńtẹ́nà ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fi wáyà ṣe dipole, ìyẹn áńtẹ́nà oníwáyà apá méjì, fún bándì mítà 40 lórí rédíò ham (amateur radio) mi, apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gùn tó mítà 10. Coax RG-58, ìyẹn okùn tó ń gbé agbára láti rédíò dé áńtẹ́nà, tó gùn bíi mítà 30, ni mo fi so ó mọ́ rédíò, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí mo fẹ́ lò ó ní bándì mítà 20 àti mítà 10, wọ́n ní kí n ra tuner, ẹ̀rọ tí a ń fi sáàárín rédíò àti coax kí ìdènà tí rédíò rí lè bá a mu. Mo rà á, SWR (òdiwọ̀n bí agbára ṣe ń kọ̀ láti wọlé tó sì ń padà sẹ́yìn; 1:1 ló dára jù) sì wálẹ̀ sí 1:1, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pè tó ní mítà 20, ẹnikẹ́ni kì í dá mi lóhùn. Tuner wo ló lágbára jù èyí lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má ra tuner mìíràn o. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò bàjẹ́. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ibi tí agbára tí rédíò yín ń tú jáde ń gbà lọ. Mo ti dáhùn irú ìbéèrè yìí títí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì pé kó so wáyà èyíkéyìí mọ́ coax, kó ra tuner, gbogbo bándì á ṣí fún un. Irọ́ ni. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká wo wáyà náà fúnra rẹ̀. Ìdajì ìgbì ni gígùn dipole, àárín rẹ̀ la sì ti ń fún un ní agbára. Ní 7.1 MHz, tó wà nínú bándì mítà 40, ìgbì kan gùn tó mítà 42. Tí a bá fi 7.1 pín 143, a ó rí mítà 20 àti díẹ̀, ohun tí ẹ gé gan-an nìyẹn. Ní àárín irú wáyà bẹ́ẹ̀, current (iná tó ń ṣàn) pọ̀, voltage (ohun tó ń tì í) kéré, ìdènà tí coax bá pàdé níbẹ̀, tí a ń fi ohm wọ̀n, kì í sábà ju ohm 50 sí 70 lọ. Ohm 50 ni coax yín. Wọ́n bára mu, agbára ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní 14 MHz, ìyẹn bándì mítà 20, wáyà kan náà ti di odindi ìgbì. Àárín tí current ti pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti di ibi tó ti kéré jù, voltage ló ga níbẹ̀, ìdènà sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm. SWR lè tó 60 lẹ́nu wáyà lókè. Agbára á gun coax dé òkè, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á padà, tuner á tún tì í gòkè, á tún padà. Nínú gbogbo àlọ àti àbọ̀ yẹn, RG-58 ń jẹ tirẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ fún mítà 30 tí ẹ sọ: nínú wáàtì 100, èyí tó ń dé inú wáyà lókè kò tó 10. Ìyókù di ooru nínú coax. Ẹ̀ ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi.

Ẹ ní SWR ti di 1:1. Ibo lẹ ti wọ̀n ọ́n? Láàárín rédíò àti tuner ni. Iṣẹ́ tuner ni pé kí rédíò rí ohm 50, kó má baà dín agbára rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀. Kò yí ohunkóhun padà lókè níbi tí coax ti pàdé wáyà. Kódà kí tuner tó dé, ẹ̀rọ tó ń wọn SWR ti ń tàn yín: coax ń gbé agbára tó ń padà bọ̀ mì lójú ọ̀nà, nítorí náà èyí tó jẹ́ 60 lókè lè hàn bíi 5 péré nísàlẹ̀. Bí coax bá ṣe burú tó ni SWR á ṣe dára tó lójú yín! Dummy load, ìyẹn resistor ohm 50 tí a fi ń dán rédíò wò, ń fúnni ní 1:1 ní gbogbo bándì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa gbọ́ yín lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò gba owó púpọ̀. Ẹ fi wáyà bándì mítà 40 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní àárín kan náà, ẹ so wáyà méjì mìíràn mọ́ ọn fún mítà 20, apá kọ̀ọ̀kan bíi mítà 5.05, àti méjì fún mítà 10, apá kọ̀ọ̀kan bíi 2.5. Kí ẹ kọ́kọ́ gé wọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí wọ́n máa ń da ara wọn láàmú. Gígé rọrùn ju àsopọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí etí wọn jìnnà síra, ó kéré tán ìdajì mítà. Bándì kọ̀ọ̀kan á wá yan wáyà tí ìdènà rẹ̀ kéré, á fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ tún máa rí mítà 15 jẹ lórí wáyà gígùn náà, torí ìdajì ìgbì mẹ́ta ló jẹ́ níbẹ̀, current sì tún padà sí àárín. Ibi tó ti ń bára mu máa ń ga ju bándì náà lọ díẹ̀, níbẹ̀ ni tuner yín ti máa wúlò.

Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ yọ coax, kí ẹ lo wáyà méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ladder line, pẹ̀lú tuner tó ní ẹnu fún irú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ nínú agbára kéré gan-an, bí SWR tilẹ̀ ga. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ irin o.

Mi ò rí ibi tí ẹ so áńtẹ́nà yín mọ́. Gíga rẹ̀, igi àti páànù ilé lè yí àwọn iye yìí padà, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ má so wáyà kankan sí tòsí wáyà iná ìlú, kódà tó bá dà bíi pé kò ní kàn án. Tó bá já, ẹ̀mí ló máa lọ sí i. Etí wáyà ní voltage tó ga tí rédíò bá ń tú agbára jáde, ó lè jó ọwọ́ ọmọdé. Kí ojò àti ààrá tó sún mọ́ ni kí ẹ ti yọ coax kúrò lára rédíò.

Kí ẹ tó so wáyà tuntun kankan, ẹ yọ tuner kúrò, ẹ wọn SWR ní mítà 40, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti so ti mítà 20, ẹ padà wọn mítà 40, torí ó máa yẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ti mítà 10.