Kí ló ń fà á tí iná bátìrì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ fi ń tàn, tó tún ń kú fúnra rẹ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, orí bátìrì tó dẹ̀, wáyà earth (èyí tó so négétíìfù bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì) tó ti dípẹtà tàbí brush alternator (ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì) tó ti jẹ tán ló ń fà á. Ẹ má tíì ra bátìrì tuntun.

Ẹ fi mítà wọn bátìrì. Èyí tó kún, tí ọkọ̀ ti wà ní pípa mọ́jú, máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó tó 13.8 sí 14.5.

Àìsàn tó ń wá tó ń lọ kì í sábà fara hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ tan iná iwájú àti AC, kí ẹ wá máa mi àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń wo mítà. Èyí tí ẹ mì tí nọ́ńbà já wálẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ tú wò. Orí bátìrì lè mọ́ roro lójú, kí ìyẹ̀fun funfun ti kún inú rẹ̀ níbi tó ti di irin mú.

Fún earth, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí iná sì wà ní títàn, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí négétíìfù, èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì. Bó bá ju fóltì 0.2 lọ, earth ni.

Ẹ má jẹ́ kí riwáyà kankan yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò. Ó lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Àwọn ọkọ̀ tuntun kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín fóltì kù sí ìsàlẹ̀ 13 bí bátìrì bá ti kún. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.