Ǹjẹ́ ẹ̀sìn ṣì ṣe pàtàkì lójú àwọn ọ̀dọ́ òde òní?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀sìn ṣì ṣe pàtàkì lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ lágbàáyé, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọn kò fi ọwọ́ líle mú un tó bí àwọn àgbà ṣe mú un.

Ìwádìí tí Pew Research Center, àjọ aṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2018 fi èyí hàn. Nínú orílẹ̀-èdè 106 tí wọ́n yẹ̀ wò, 46 ni àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tó ogójì ọdún ti kéré sí àwọn àgbà nínú àwọn tó sọ pé ẹ̀sìn ṣe pàtàkì gan-an fún àwọn. Ní 58, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì. Gánà àti Georgia (orílẹ̀-èdè tó bá Rọ́ṣíà pààlà, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà) nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ ti ta àwọn àgbà yọ. Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà wà lára ibi tí àlàfo yìí ti wọ́pọ̀, nígbà tí ẹ̀sìn ṣì rinlẹ̀ láàárín tọmọdé tàgbà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà.

Ó yẹ kí a ya ìgbàgbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára lílọ sí ilé ìjọsìn, nítorí pé ọ̀dọ́ tí kì í yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí lè máa gbàdúrà lórí ibùsùn rẹ̀ lálaalẹ́, kí òmíràn sì máa lọ déédéé kìkì nítorí àwọn òbí rẹ̀. Àwọn tó ti pé ọdún 18 nìkan ni ìwádìí náà kàn, kò sọ nǹkan kan nípa àwọn ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀.