Èsì: Kọ̀ǹpútà méjì lórí switch kan (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀), síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ara wọn

Ọ̀rẹ́, fi wáyà sílẹ̀, kò ní àléébù. O ní kọ̀ǹpútà 192.168.10.70/26 ń ping 192.168.10.130/26 (ó ń ránṣẹ́ sí i láti mọ̀ bóyá yóò dáhùn), kò rí èsì. Àdúgbò wọn (subnet, ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni kò papọ̀.

/26, tó ń sọ bí àdúgbò ṣe tóbi tó, gé nọ́ńbà 256 (0 sí 255) tó lè wà ní ìparí àdírẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin, 64 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan; wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 0, 64, 128, 192. 70 bọ́ sáàárín 64 sí 127. 130 ti wọ àdúgbò tó tẹ̀lé e, 128 sí 191. Sọ 130 di 100, wọ́n á gbọ́ra.

Àyàfi bí olùkọ́ bá ní ẹ kò gbọdọ̀ yí nọ́ńbà padà. Nígbà náà, router (ẹ̀rọ tó ń gbé ìránṣẹ́ láti àdúgbò kan sí òmíràn) ni:

1. Fún ojú rẹ̀ kan (ibi tí wáyà ń wọ̀) ní 65, èkejì ní 129.
2. Kọ 65 ṣe gateway (ẹnu ọ̀nà àbájáde àdúgbò) fún 70, 129 fún 130. Ibí yìí ni èmi náà ti sọ máàkì nù.

Má fún kọ̀ǹpútà kankan ní 127 o, broadcast ni: àdírẹ́sì tí ìránṣẹ́ fi ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà àdúgbò 64 sí 127.