Ìyá ọlọ́mọ kan ní Abẹ́òkúta bèèrè: ṣé dandan ni kí ọmọ pé ọdún 3 kó tó jẹ ẹ̀pà, kí ara rẹ̀ má baà kọ̀ ọ́?

Rárá, ọmọ tó ti ń jẹun láti nǹkan bí oṣù 6 lè jẹ ẹ̀pà lílọ̀. Ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, tọ́pa ọmọ 640 tí ara wọn ń kọ ẹyin tàbí tí ẹ̀kísímà wọn (àrùn awọ ara tó máa ń yún) le. Nínú àwọn tí kò fẹnu kan ẹ̀pà títí di ọdún 5, bí 17 nínú 100 ni ara wọn kọ ẹ̀pà. Nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́ déédéé, bí 3 péré ni.

Ẹ̀pà yíyan inú ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà Kútọ̀ náà tó. Ẹ ṣa hóró tó bá ti bu kúrò, ẹ lọ ìyókù kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ ògì. Odidi hóró kọ́ o, ó lè há a lọ́fun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀kísímà rẹ̀ le tàbí tí ara rẹ̀ ń kọ ẹyin, dókítà ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.