Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọ̀rọ̀ Àwọn Séníọ̀ ní Bọ́dìn Ọkùnrin

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ààyè ojú ìwé wa lọ. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí àsìkò tí SS2 ń múra láti gba ipò lọ́wọ́ SS3 máa ń gbóná ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ọkùnrin. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ lè wúlò fún ẹlòmíràn náà la kọ́kọ́ mú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi wà ní SS2, ó ní hẹ́ẹ̀dì-bọ́ì lòun fẹ́ jẹ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ṣé wọ́n lè fún un? (Ìyá ọmọ, Abẹ́òkúta)

Ìyá wa, ìwà jẹ́jẹ́ kọ́ ló ń dí ọmọ lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ ló ń dárúkọ ọmọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè dìbò, ọ̀gá àgbà á wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí ni ọmọ jẹ́jẹ́ ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n á ní, “Bí ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ wà ní SS3 bá kọ̀ tí kò jáde fún iṣẹ́ òwúrọ̀, kí lo máa ṣe?” Á dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn un nílé títí á fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: kó lọ bá a níbi tí ẹlòmíràn ò ti gbọ́, kó sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, bó bá tún kọ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá ilé, kó má bá a jà.

Ṣùgbọ́n ipò hẹ́ẹ̀dì-bọ́ì nìkan kọ́ ló wà. Ìwà ọmọ ló yẹ kó sọ ipò tó bá a mu. Ẹlẹ́sẹ̀ ayò tí gbogbo júníọ̀ ń sáré tẹ̀ lé lè darí eré ìdárayá, síbẹ̀ bí kò bá lè jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀, ẹ má fi oúnjẹ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kì í yáwó, tí ìṣirò rẹ̀ sì máa ń pé dé orí kọ́bọ̀, òun ni kó wà nídìí oúnjẹ. Ọmọ tí í jí kí ẹnikẹ́ni tó jí i, òun ló ni agogo. Iṣẹ́ agogo ò kéré rárá: bí agogo ìdájí bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 10, ẹsẹ̀ á pé sídìí omi, àwọn tó wẹ̀ kẹ́yìn á pẹ́ dé yàrá ìjẹun, àwọn tó ń fọ abọ́ á pẹ́ dé kíláàsì, júníọ̀ tó wà nídìí abọ́ ni wọ́n á sì bá wí. Kó máa fi aago ọwọ́ rẹ̀ wé ti ọ̀gá ilé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Aago tó ń fi ìṣẹ́jú kan falẹ̀ lójúmọ́ á ti fi ìṣẹ́jú 7 falẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ọ̀kan ṣì wà tí a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ṣọ́ra fún gan-an: ọmọ tí wọ́n jẹ níyà ní JSS1, tó ti ń ka ọjọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tó jẹ ẹ́ níyà ti jáde lọ. Lára ọmọ tí kò mọwọ́ kò mọsẹ̀ ló ti máa gbẹ̀san. Ẹ bá irú rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa kí ẹ tó fún un ní báàjì.

Èmi ni pírífẹ́ẹ̀tì oúnjẹ. Àwa mẹ́wàá-mẹ́wàá la ń jókòó sí tábìlì. Kò sọ́jọ́ tí oúnjẹ ń kárí, bẹ́ẹ̀ àwọn alásè ní àwọn ń sè é pé. Ẹ gbà mí. (Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ wa, ó ṣeé ṣe kí òótọ́ làwọn alásè ń sọ. Ibi tí oúnjẹ ti máa ń dín ni orí tábìlì. Séníọ̀ tó jókòó síbi ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì á kọ́kọ́ bu tirẹ̀, á ki ìgbakọ bọlẹ̀ wá ibi tí ẹ̀wà ti ki, omi ẹ̀wà ló máa kù fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀: epo á léfòó, ẹran á rì.

Bẹ̀rẹ̀ láti ibi orí kíkà. Kí o tó lọ sílé ìdáná, gba orúkọ àwọn tó wà ní yàrá ìtọ́jú aláìsàn àti àwọn tó gbàyè lọ sílé, kọ iye tó kù lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ka ẹran lójú alásè, kó o bu ú sínú abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má bá ọbẹ̀ dé orí tábìlì. Lórí tábìlì, kí abọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti wà ní títò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí. Ẹni tó máa pín á ro ìkòkò kanlẹ̀, á bu ìgbakọ kọ̀ọ̀kan tó pé géérégé, tí kò yọrí, sínú abọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lẹ́yìn náà ló máa pín ìyókù ní ìdajì-ìdajì ìgbakọ. Ẹni tó bá fún ẹni àkọ́kọ́ ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà ò ní mọ̀ pé oúnjẹ ti tán títí dé abọ́ kẹjọ. Ẹ̀bà ò ṣeé fojú wọ̀n, abọ́ kékeré kan ni kẹ́ ẹ máa fi gé e.

Ẹni tó pín ni kó mú abọ́ tirẹ̀ kẹ́yìn. Bó o bá lè fìdí èyí nìkan múlẹ̀, ìdajì ẹjọ́ ti parí, nítorí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ pé èyí tó kù lòun máa jẹ kì í wúwo sápá kan. Yí ẹni tó ń pín padà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ní ti ẹran, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ séníọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ́la.

Ọmọ mi wà ní JSS1. Wọ́n ní séníọ̀ kan ni baba rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, ọmọ mi ló ń fọ aṣọ séníọ̀ náà, tó ń pọnmi fún un lóru. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? (Bàbá kan, Òṣogbo)

Rárá o, bàbá wa. Baba ilé-ẹ̀kọ́ wà fún kí ọmọ tuntun rí ẹni tẹ́lẹ̀ ni: ẹni tó máa fi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì hàn án, tó máa ràn án lọ́wọ́ nídìí ìṣirò nígbà prep (àsìkò ìkàwé), tó máa mọ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná. Kí júníọ̀ gbálẹ̀ tàbí kó pọnmi ilé ìdáná ní ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àtòjọ, kò burú, torí iṣẹ́ gbogbo ilé ni. Kí ó máa fọ aṣọ ẹlòmíràn, kí wọ́n jí i lẹ́yìn tí wọ́n ti paná, kí wọ́n máa ṣí lọ́kà rẹ̀ mú wàrà, kí ó kúnlẹ̀ nítorí pé kò tètè dáhùn ìpè, ìwọ̀nyí ti kọjá ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ hùwà tó ń rẹ ọmọ sílẹ̀ tàbí tó ń ṣe é léṣe sí i.

Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ẹ má pariwo. Ẹ wo àárín ìka ọmọ yín: ọwọ́ tó ń fọṣọ ẹni méjì mẹ́ta á ti bó níbẹ̀, ọṣẹ á ti jẹ ẹ́ funfun, á sì máa ta á bí ó bá fọwọ́ kan ata. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì bóyá ó ń sùn lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹ wo bí mílíìkì tó yẹ kó jẹ fún oṣù kan ṣe kù sí. Ẹ bi ọmọ náà ní ìbéèrè tó ṣe pàtó: ta ni, aago mélòó, bọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ẹ mú un tọ ọ̀gá ilé lọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò nítòsí séníọ̀ náà. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fi ìyà ẹni tó fẹjọ́ sùn jẹ ẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti kó àwọn séníọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ sógun rí? (Akẹ́kọ̀ọ́ SS1, Èkó)

Lóòótọ́ ni. King's College, Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, ló ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ sílé káàkiri ìgboro. Ní 1944, àwọn séníọ̀ ṣíwájú, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n fipá sọ mẹ́jọ nínú wọn di ọmọ ogun, ọ̀kan nínú wọn sì kú síbẹ̀. Ìbínú ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ rẹ̀, tí Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé.

Èmi ni mò ń bójú tó iṣẹ́ ọgbà nílé-ẹ̀kọ́ wa. Gbogbo Sátidé ni ìjà máa ń ṣẹlẹ̀ lórí ìpín koríko. (Olùkọ́, Ìlá-Ọ̀ràngún)

Ọ̀gá tíṣà, ẹsẹ̀ ni pírífẹ́ẹ̀tì yín fi ń wọ̀n ọ́n, àbí? Ìṣísẹ̀ ọmọ tó ga àti ti ọmọ kúkúrú ò dọ́gba, ẹni tí wọn ò sì fẹ́ràn ni ìpín rẹ̀ máa ń gùn. Ẹ gé okùn kan sí mítà 4. Okùn kan ní ìbú, okùn kan ní gígùn fún séníọ̀; ìdajì rẹ̀ fún JSS1. Ẹ kan èèkàn, ẹ kọ nọ́ńbà sára bébà, kí oníkálukú mú tirẹ̀ láìwò.

Ní ti àdá, kí wọ́n kọjú síbì kan náà, kí àlàfo tó wà láàárín ẹni méjì tó mítà 3 ó kéré tán. Koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń yọ̀ mọ́ àdá lẹ́nu, àdá á sì fò sí ojúgun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ là á. Kí wọ́n fi fáìlì pọ́n àdá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: èyí tó kú lẹ́nu ló ń mú ọmọ fi agbára jù ú. Bàtà tó bo ọmọ ìka ni kí wọ́n wọ̀, igi ni kí wọ́n sì fi tú òkìtì koríko kí wọ́n tó fọwọ́ kó o, nítorí ejò.

Ẹ jọ̀wọ́, èmi ni mo máa ṣíwájú wa níbi àríyànjiyàn. Ojú ìwé mélòó ni kí n kọ? (SS2, Ìbàdàn)

Bí ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fún ọ, má kọ ju ọ̀rọ̀ 500 lọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀ á sọ bíi 120 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n “Alága, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣìnà” nìkan á jẹ ìdajì ìṣẹ́jú, àtẹ́wọ́ á jẹ díẹ̀ sí i. Dúró níwájú kíláàsì tó ṣófo, kí ọ̀rẹ́ rẹ jókòó lẹ́yìn pátápátá, kó kẹ̀yìn sí ọ. Ibi tí kò bá ti gbọ́ ọ, kó nawọ́ sókè.

Ọmọ mi ni pírífẹ́ẹ̀tì ilé ìkàwé, WAEC sì ti dé tán. Ṣé kó fi ipò sílẹ̀ ni? (Ìyá ọmọ SS3, Adó-Èkìtì)

Kò tíì dé ibẹ̀, mà. Kó kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná. Bó bá ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, kí ó bèèrè fún igbákejì láti SS2. Subject 8 tàbí 9 ló wà níwájú rẹ̀ nínú WAEC. Ti JAMB tún wà, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ orí tó ti sùn dáadáa, nítorí náà kó má fi òru rọ́pò wákàtí tí ipò bá gbà.

Kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó ra ìwé kékeré kan kó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀: iye ìwé tó wà lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn tí ìwé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, fèrèsé tí òjò ń gbà wọlé, àti ọjọ́ tí wọ́n máa ń wọ́n oògùn ikán.