Má tọ́jú àdírẹ́sì, ọ̀nà ibẹ̀ ni kí o tọ́jú

Okun o, àbúrò mi ará Ìsánlú. Àná ni mo rí ìbéèrè rẹ, iná ni ò sí, bátìrì mi sì ti fẹ́ kú tán. Bó ṣe yé mi nìyí: o fi Cheat Engine, ètò tó ń wo mẹ́mórì géèmù tó sì ń yí ohun inú rẹ̀, wá owó inú géèmù rẹ, o rí i, o sọ 1500 di iye tó wù ọ́, géèmù gbà. O wá kọ àdírẹ́sì ibi tí owó náà wà nínú mẹ́mórì sínú script Lua kékeré kan, ìyẹn ìwé àṣẹ tí Cheat Engine ń tẹ̀lé, kí o má baà máa wá a lójoojúmọ́. Ilẹ̀ mọ́, o tan script, géèmù pa ara rẹ̀ dé. O ń bi wá bóyá Windows rẹ ló bàjẹ́, o tún fi ti géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àfikún, bóyá a lè yí owó tibẹ̀ náà.

Kò sóhun tó ṣe Windows rẹ. Àdírẹ́sì àná lo fi ń wá ilé òní. Ó ti ṣe èmi náà rí, tèmi tiẹ̀ burú jù, torí pé géèmù oníǹkan ni mo fọwọ́ bà jẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ni géèmù náà, èyí tí wọ́n fi ń dáko, tí èèyàn ń gbìn tó ń tà. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Kàbà, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń ṣeré rẹ̀. Mo ní kí n fún un lówó kó tó jí. Mo wá 1500, ohun tó jáde lé ní ẹgbẹ̀rún. Mo ra irúgbìn kan, mo tún wá iye tó kù, ó ku mọ́kànlélógójì. Ibẹ̀ ló yẹ kí n tún ra nǹkan mìíràn kí n sì tún wá. Ìkánjú ò jẹ́. Mo fa gbogbo wọn sísàlẹ̀, mo sọ gbogbo wọn di 999999. Owó yí lóòótọ́, mo rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ ni ojú géèmù dúró gbagidi, kó sì tó dúró ó ti kọ ara rẹ̀ sínú save, fáìlì tó ń tọ́jú ibi téèyàn bá géèmù dé. Save yẹn ò ṣí mọ́ títí dòní. Ọ̀pọ̀ nínú mọ́kànlélógójì yẹn kì í ṣe owó rárá, nǹkan mìíràn ni wọ́n, tí iye wọn kàn bá owó dọ́gba lásìkò yẹn. Iyán tí ìyá wa gún lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi gbé tiẹ̀ wọ yàrá, kò bá mi jẹ ẹ́.

Nítorí náà, kó tó di ọ̀rọ̀ script, da save rẹ kọ síbòmíràn. Máa wá títí yóò fi ku ẹyọ kan tàbí méjì, lọ́kọ̀ọ̀kan sì ni kí o máa yí wọn. Bó bá ku méjì, ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ èyí tí géèmù ń fi hàn lójú lásán: o yí i, nọ́ńbà ojú yí, o ra nǹkan, ó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìkejì ni owó.

Wàyí o, àdírẹ́sì. Ìgbàkígbà tí géèmù bá ṣí ló ń tọrọ àyè tuntun lọ́wọ́ Windows, ibi tó bá ṣófo ni owó rẹ máa jókòó sí. Yàtọ̀ síyẹn, Windows ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣí géèmù fúnra rẹ̀ nípò, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ASLR, kí ẹni ibi má baà mọ ibi tí nǹkan wà. Bó o bá ń júwe ilé fún àlejò ní Kàbà, ta ló ń dárúkọ nọ́ńbà ilé? Wàá ní kó dé ààfin Ọbaró, kó wá ka ilé mélòó kan sí ọwọ́ ọ̀tún. Mú game.exe bí ààfin yẹn. ASLR lè gbé ààfin lọ síbòmíràn mọ́jú, ṣùgbọ́n tàdúgbò tàdúgbò ló ń gbé e, iye ilé tó wà láàárín ò ní yí. Ibi tí ààfin wà lónìí kì í sì í ṣe àṣírí, getAddress("game.exe") á sọ ọ́ fún ọ. Owó rẹ ò gbé àdúgbò yẹn, àmọ́ ẹni tó mọ ilé rẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Ẹni yẹn ni pointer.

Bó o ṣe máa rí i rèé. Wá owó bó o ṣe máa ń wá a, tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ ní bọ́tìnnì ọ̀tún, yan "Find out what writes to this address", padà sínú géèmù, kí o ná owó díẹ̀. Ìlà kan máa yọjú. Lọ́jọ́ tí mo ṣe tèmi, ohun tó wà níbẹ̀ ni:

29 83 A4 03 00 00 – sub [rbx+000003A4],eax

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé rbx ni ẹnu ọ̀nà ilé, 3A4 ni yàrá tí owó wà, eax ni iye tí wọ́n ń yọ. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún ọ báyìí. Ti àkọ́kọ́ ni kí o lo pointer scan láti wá ẹni tó ń tọ́ka sí ilé yẹn. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló máa jáde, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù: pa laptop, tún un tàn, wá owó tuntun, kí o fi àdírẹ́sì tuntun sẹ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ̀nba tí ò purọ́ ló máa kù.

Ọ̀nà kejì ni èmi fẹ́ràn. Báìtì mẹ́fà yẹn, kóòdù géèmù ni, wọn kì í yí bó o tilẹ̀ tan géèmù nígbà ọgọ́rùn-ún. Jẹ́ kí script wá àwọn báìtì náà, pẹ̀lú mẹ́ta tó tẹ̀lé wọn, dípò owó:

local r = AOBScan("29 83 A4 03 00 00 8B ?? ??")
if r == nil then print("N ò rí i") return end
if r.Count ~= 1 then print("Ó ju ẹyọ kan lọ") r.destroy() return end
print(r[0])
r.destroy()

Ohun tí print(r[0]) bá sọ ni ibi tí ìlà tó ń yọ owó wà lónìí. Ìlà kejì àti ìkẹta yẹn ni kò sí nínú tìrẹ. Bí AOBScan, àṣẹ tó ń wá báìtì, ò bá rí nǹkan, nil (òfo) ló ń dá padà. Script tí kì í bèèrè kó tó kọ nǹkan, ọjọ́ kan ló máa kọ ọ́ síbi tí ò yẹ. Àmì ìbéèrè méjì-méjì yẹn ń sọ pé báìtì yòówù kó wà níbẹ̀, kó fò ó. Àwọn báìtì tí mo rò pé ó lè yí bí wọ́n bá tún géèmù ṣe ni mo máa ń fi bò.

Ẹ̀gẹ̀ kan tún wà níbẹ̀ o. Bó o bá ti rí ìlà, o lè fi 90, báìtì tó ń ní kí kọ̀ǹpútà má ṣe nǹkan kan, rọ́pò rẹ̀. Mo ti fi 90 mẹ́fà rọ́pò ìlà tó ń dín ẹ̀mí kù nínú géèmù ogun kan, èmi ò kú mọ́, inú mi dùn. Mo yìnbọn, yìnbọn, àwọn ọ̀tá náà ò kú. Ìlà kan náà ló ń dín ẹ̀mí gbogbo wa. Ìpele kẹsàn-án nínú tutorial tó bá Cheat Engine wá, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń kọ́ni, èmi ni mo fò ó torí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀mí ọ̀hún, bó o bá wá 100 tí o ò rí i, float, nọ́ńbà tó lè ní ẹ̀sún bíi 99.6, ló máa jẹ́. 100 tó jẹ́ nọ́ńbà lásán, 64 00 00 00 ló ń jẹ́ nínú mẹ́mórì bí a bá fi hex (ìkà onímẹ́rìndínlógún) kọ ọ́, tí float sì ń jẹ́ 00 00 C8 42. Nígbà mìíràn 99.6 ni, ojú géèmù ló sọ ọ́ di 100 fún ọ. Wá a láàárín 99 sí 101.

Bó bá jẹ́ PPSSPP, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù PSP ṣiṣẹ́ lórí laptop, lo fi ń gbá bọ́ọ̀lù, orí rẹ ti ṣe é ní rere. Àkọ́kọ́ PSP, 32 MB ni mẹ́mórì rẹ̀, kò sí pápá ńlá láti wá, ibi tí ààfin wà, ìyẹn ibi tí mẹ́mórì PSP yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nìkan ló sì ń yí lórí laptop. Àwọn kóòdù CWCheat, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń yí géèmù PSP, láti 0x08800000 nínú mẹ́mórì PSP ni wọ́n ti ń kà, ìdí nìyẹn tí kóòdù kan náà fi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gbogbo èèyàn.

Ti géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí o fi ṣe àfikún, gbàgbé ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni owó wà, àwòrán rẹ̀ ni ìwọ ń rí. Wọ́n á sì ti àkáǹtì rẹ pa.

Bó o bá ti rí ìlà sub (tó ń yọ iye) tàbí mov (tó ń kọ iye tuntun) tìrẹ, da á kọ síbí pẹ̀lú báìtì mẹ́wàá tó wà níwájú rẹ̀ àti mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A jọ máa yan èyí tá a máa fi ?? bò. Kí o sì sọ iye báìtì tí géèmù náà fi ń pa owó mọ́, mẹ́rin ni tàbí mẹ́jọ, o ò sọ ọ́.